Bí òǹkàwé ṣe lè kópa nínú ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé Tamil

Láàárín àwọn tó ń sọ èdè Tamil ní gúúsù Íńdíà àti ní Sri Lanka, òǹkàwé ní àyè tirẹ̀. Vaasagar ni wọ́n ń pè é. Ní ìpàdé lítíréṣọ̀ wọn, vaasagar lè dìde, kó bi àgbà òǹkọ̀wé léèrè ìdí tí ìtàn kan fi parí bó ṣe parí, òǹkọ̀wé náà yóò sì fara balẹ̀ dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó máa wádìí bóyá ẹ dé yunifásítì, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ẹni tó mú yín wá. Ìwé tí ẹ ti kà ló máa gbẹnu sọ fún yín. Nítorí náà, ilé ni ẹ ti máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí a fẹ́ tọ́ka sí níbí, kí ẹ tó tẹsẹ̀ bọ gbọ̀ngàn kankan.

Irú ìpàdé wo ni?

Ìfilọ́lẹ̀ ìwé ló wọ́pọ̀ jù. Ní Chennai, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà, ìrọ̀lẹ́ Sátidé àti Sọ́ńdè ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ tàbí mẹ́fà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò nílò ìwé ìpè. Ilé-ìkàwé Devaneya Pavanar tó wà lójú ọ̀nà Anna Salai àti ilé ìtàwé Discovery Book Palace ní K.K. Nagar wà lára ibi tí irú rẹ̀ ti máa ń wáyé léraléra. Àárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní ni ìwé tuntun máa ń pọ̀ jù, torí pé ọjà ìwé Chennai, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1977, máa ń bọ́ sí àsìkò Pongal, ọdún ìkórè àwọn Tamil, nínú oṣù Kìíní, gbogbo òǹtẹ̀wé ló sì fẹ́ kí ìwé òun ti wà lórí àtẹ kí ọjà tó ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ rí òǹkọ̀wé púpọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, àsìkò yìí ni kó yàn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Pongal náà ni gbogbo èèyàn ń rìnrìn àjò lọ sílé. Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú lè tán lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i gan-an, nítorí náà ọjọ́ yẹn ni kí ẹ rà á.

Ìpàdé àyẹ̀wò ìwé kéré ju ìyẹn lọ. Ogún tàbí ọgbọ̀n èèyàn ló máa ń jókòó sí yàrá kan, gbogbo wọn ló sì ti ka ìwé tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ẹ kò bá tíì kà á tán, ẹ má lọ. Níbi tí èèyàn ò ti pọ̀, ẹni tí kò kàwé kì í lè fara pamọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì, òun gan-an la sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó bá fẹ́ràn ìwé tọkàntọkàn. Èyí tí ẹgbẹ́ òǹkàwé tó ń jẹ́ Vishnupuram Ilakkiya Vattam máa ń ṣe ní ìlú Coimbatore ní Tamil Nadu ní oṣù Kejìlá jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Láti 2010 ni wọ́n ti ń fún òǹkọ̀wé kan ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dọọdún níbẹ̀. Kí alẹ́ àmì ẹ̀yẹ tó dé, òǹkọ̀wé kan tẹ̀ lé òmíràn ni yóò máa jókòó síwájú àwọn èèyàn. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ gígùn kankan, ìbéèrè òǹkàwé ni wọ́n ń dáhùn. Wọ́n máa ń kéde orúkọ àwọn tó ń bọ̀ ṣáájú, kí àwọn èèyàn lè ráyè ka ìwé wọn. Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ sùn síbẹ̀, torí iye ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣètò ibùsùn àti oúnjẹ.

Bí owó ọkọ̀ òfuurufú bá pọ̀ jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ṣèpàdé lórí Zoom. Aago Íńdíà fi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ṣáájú ti Nàìjíríà àti Benin. Tí wọ́n bá ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni lọ́dọ̀ yín; ní Togo, aago méjìlá ààbọ̀ ni. Ààbọ̀ wákàtí yẹn ló máa ń da àwọn èèyàn rú, wọ́n á wọlé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti jìnnà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kíkà

Ẹ yan òǹkọ̀wé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ ka òǹkọ̀wé mẹ́fà kó tó lọ yóò ka ojú ìwé mẹ́wàá mẹ́wàá lára wọn, kò sì ní lè sọ ohun kan gúnmọ́ nípa ẹyọ kan nínú wọn. Ìtàn kéékèèké ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni lítíréṣọ̀ Tamil òde òní ti lágbára jù, a sì lè ka ọ̀kan tán ní ìjókòó kan. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ka ìtàn méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ka ìwé ìtàn àròsọ kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ padà sí ìtàn mẹ́ta tí kò kúrò lọ́kàn yín, kí ẹ tún wọn kà. Àkàtúnkà yìí ni ìbéèrè gidi ti máa ń jáde.

Ẹ ní ìwé àjákọ kan lọ́wọ́. Fún ìtàn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àkọlé rẹ̀, orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn méjì, àti ibi kan tí ẹ ti dúró tí ẹ tún ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà ojú ìwé nìkan. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín lè yàtọ̀ sí ti òǹkọ̀wé, pàápàá tó bá jẹ́ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń kà. Àkọlé ìtàn àti orúkọ èèyàn inú rẹ̀ ni yóò jẹ́ kó tètè mọ ibi tí ẹ ń sọ.

Orúkọ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ lè fa wàhálà nígbà tí ẹ bá ń wá ìwé rẹ̀. Orúkọ ìdílé kì í sábà sí nínú orúkọ Tamil. Lẹ́tà tó máa ń wà níwájú dúró fún orúkọ bàbá, nígbà mìíràn orúkọ ọkọ tàbí ti ìlú. S. Ramakrishnan, Ramakrishnan gan-an ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ àdàpè sì pọ̀ lọ jàra. Sujatha tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà ìwé rẹ̀, ọkùnrin ni, S. Rangarajan lorúkọ rẹ̀, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló fi ń kọ̀wé. Ambai ni orúkọ tí C. S. Lakshmi fi ń kọ ìtàn. Ẹ kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé bí wọ́n ṣe fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ: àwọn kan á kọ Jeyamohan, àwọn kan á kọ Jayamohan. Ẹ da orúkọ náà kọ ní lẹ́tà Tamil, kí ẹ fi wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i pé èsì tó máa jáde pọ̀ ní ìlọ́po.

Ohun kan wà tí òǹkàwé Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ kó má bàa ṣi ìtàn kà. Nílẹ̀ wa, èèwọ̀ ni kí ọkùnrin fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìdílé Tamil, ọmọ arákùnrin ìyá gan-an ni ẹni tí àṣà ti yà sọ́tọ̀ fún èèyàn láti fẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà, maama, ni wọ́n fi ń pe arákùnrin ìyá àti bàbá ìyàwó. Athai ni arábìnrin bàbá, òun náà sì ni ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó. Ọmọ arábìnrin bàbá náà ṣeé fẹ́ bákan náà, ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò bàbá ọkùnrin àti ọmọ àbúrò ìyá obìnrin kò ṣeé fẹ́, ọmọ ìyá ẹni ni wọ́n kà á sí. Nítorí náà, bí ọmọdébìnrin inú ìtàn bá ń sunkún pé ọmọ maama òun lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ìwọ̀sí ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ kan ni òǹkọ̀wé ń tú síta, yóò sì lọ béèrè bẹ́ẹ̀ níwájú igba èèyàn. Bí ẹ bá ti rí maama àti athai nínú ìwé, ẹ ya igi ìdílé náà sínú ìwé àjákọ yín kí ẹ tó máa kà á lọ.

Èdè

Ìgbọ́ra-ẹni-yé kì í sábà ṣòro, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Tamil inú ìwé yàtọ̀ sí Tamil ẹnu gan-an. Ẹni tó fi ìwé kọ́ èdè náà lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ orí pèpéle, kó má sì gbọ́ gbólóhùn kan nígbà tí wọ́n bá ń mu tíì níta. Láti fi etí kọ́ ọ, ẹ lọ wo fídíò ìpàdé àtẹ̀yìnwá lórí YouTube. Ìkànnì Shruti TV ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ìpàdé òǹkọ̀wé tí ẹ yàn, kí ohùn rẹ̀ má ṣe jẹ́ àjèjì sí yín.

Ẹ kọ́ gbólóhùn díẹ̀ sórí. Vanakkam ni ìkíni. Nandri ni ẹ ṣeun. Ungal puththagam padiththen: mo ti ka ìwé yín. Medhuvaaga sollungal: ẹ rọra sọ ọ́. Tamil ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ bíi tiwa: neengal ni ẹ máa lò fún àgbà àti ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, nee wà fún ọ̀rẹ́ àti ọmọdé. Ẹ má sọ Hindi sí wọn láti fi yẹ́ wọn sí. Èdè mìíràn pátápátá ni, rògbòdìyàn ńlá sì ti ṣẹlẹ̀ ní Tamil Nadu lọ́dún 1965 torí àtifi Hindi ṣe èdè ìjọba. Gẹ̀ẹ́sì kò bí ẹnikẹ́ni nínú.

Bí ẹ kò bá gbọ́ Tamil rárá, ẹ wá ẹnì kan tó máa jókòó tì yín, kí ẹ sì bá a ṣàdéhùn ṣáájú pé kókó ọ̀rọ̀ nìkan ni kó máa sọ fún yín, lẹ́yìn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti sọ̀rọ̀ tán. Títúmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sétí máa ń dí àwọn tó wà níwájú lọ́wọ́, ẹni tó ń túmọ̀ pàápàá á sì pàdánù ìpàdé náà.

Nínú gbọ̀ngàn

Ẹ dé ní àkókò tí wọ́n kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè fi ààbọ̀ wákàtí pẹ́. Ààbọ̀ wákàtí yẹn níye lórí: ìgbà náà ni kọfí àti tíì máa ń lọ yíká, ìgbà náà sì ni òǹkàwé máa ń bá òǹkàwé pàdé. Ẹ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé ìwé wo ló ń kà lọ́wọ́. Kò sí ìbéèrè tó ń yára mú ọ̀rẹ́ wá níbẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Orin Tamil Thaai Vaazhthu, ìyìn fún Tamil gẹ́gẹ́ bí ìyá, ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kejìlá 2021 ló ti di orin ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, gbogbo ẹni tó bá lè dìde ló sì gbọ́dọ̀ dìde. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ pa fóònù yín kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀, wọn á da ìborùn sí èjìká àwọn àlejò pàtàkì, ẹnì kan á ṣí ìwé náà, á fa ẹ̀dà àkọ́kọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọn á ya fọ́tò. Kò sí pé à ń pe olùfilọ́lẹ̀ àgbà kó wá kéde owó bí a ti mọ̀ ọ́n nílé, nítorí náà ẹ má mú àpòòwé dání. Owó ìwé tí ẹ bá rà ti tó.

Ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ló kàn. Èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà lè sọ̀rọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lo ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ni ìwé ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní yerpurai. Àlejò tí kò mọ̀ á ti dìde lọ jẹun ní aago mẹ́jọ, láìmọ̀ pé ẹni tí òun torí rẹ̀ wá kò tíì la ẹnu. Ẹ mú omi dání, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ fún un.

Ẹ má dọ̀bálẹ̀, ẹ má sì kúnlẹ̀. Ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, kí ẹ tẹ orí ba díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi gba nǹkan, kí ẹ sì fi fún èèyàn ní nǹkan, bí a ṣe ń ṣe nílé. Ẹ lè pe òǹkọ̀wé ní orúkọ ìkọ̀wé rẹ̀ kí ẹ fi "sir" kún un, tàbí kí ẹ pè é ní aiyya. Fún obìnrin tó dàgbà, amma. Tí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bá ń mi orí sọ́tùn-ún sósì, kì í ṣe pé kò gbà: ó ń gbọ́ yín ni.

Ìbéèrè yín

Gbólóhùn mẹ́ta, kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àkọ́kọ́ ń sọ ìtàn wo ni, ìkejì ń tọ́ka sí ohun tí ẹ rí níbẹ̀, ìkẹta ni ìbéèrè. Fún àpẹẹrẹ: "Nínú ìtàn obìnrin tó ta màlúù rẹ̀, a kò gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ rí, àfi ikọ́ rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn tí màlúù lọ tán, ikọ́ náà dákẹ́. Ṣé ikú ni ẹ fẹ́ kí a gbà á sí, àbí ìtìjú?" Irú ìbéèrè báyìí fi hàn pé ẹ ka ìtàn náà dé ìsàlẹ̀, òǹkọ̀wé kò sì ní lè fi ìdáhùn tó ti fún àwọn oníròyìn lẹ́ẹ̀mẹwàá dá yín lóhùn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ kà á síta. Ojora gbohùngbohùn máa ń mú kéèyàn gbàgbé ohun tó dára jù nínú ìbéèrè rẹ̀.

Ìbéèrè tí kì í so èso ni bíi "Níbo lẹ ti ń rí ìtàn?", "Èéṣe tí ẹ ò kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì?" àti èyíkéyìí nípa àwọn òṣèré sinimá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Tamil ló ń kọ̀wé fún sinimá. Èyí tó burú jù ni ọ̀rọ̀ ìyìn oníṣẹ́jú márùn-ún tí kò ní ìbéèrè nínú. Alága á gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ yín, òun ló sì jàre. Ẹ lè fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè. Alága á tún un sọ ní Tamil, ìdí mìíràn tó fi yẹ kó kúrú nìyẹn.

Ibi tó ń dunni

Caste, ìyẹn ìpín tí wọ́n bí èèyàn sí láwùjọ, wà nínú ọ̀pọ̀ ìtàn wọn, ẹ sì lè béèrè nípa rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ má béèrè caste òǹkọ̀wé tàbí ti ẹni tí ẹ jọ jókòó. "Kí ni orúkọ ìdílé yín?" pàápàá lè dà bí ìbéèrè caste. Ẹgbẹ́ Self-Respect (iyì ara ẹni) tí Periyar, aṣáájú tó gbógun ti caste, dá sílẹ̀ ní 1925 ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gé orúkọ caste kúrò lára orúkọ wọn, ohun tó sì jẹ́ kí orúkọ ìdílé ṣọ̀wọ́n nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Perumal Murugan kọ ìwé kan lọ́dún 2010; ní ìparí 2014 àwọn ẹlẹ́sìn àti ẹlẹ́gbẹ́ caste ní agbègbè rẹ̀ dìde sí i, débi pé ní oṣù Kìíní 2015 ó kéde pé òǹkọ̀wé inú òun ti kú. Ilé-ẹjọ́ gíga Madras dá a láre ní oṣù Keje 2016, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn rántí gbogbo rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ní London ni ẹ ti lọ sí irú ìpàdé yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ máa bá pàdé níbẹ̀ ló wá láti Sri Lanka, níbi tí ogun ti jà láti 1983 dé 2009. Ẹ má bi wọ́n léèrè ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n wà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ìwé fi jẹ wọ́n lógún tó bẹ́ẹ̀, ẹ kà nípa ilé-ìkàwé ìlú Jaffna ní Sri Lanka tí wọ́n dáná sun ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 1981, pẹ̀lú ìwé tó tó nǹkan bí 97,000, tí ìwé ewé ọ̀pẹ tí ẹ̀dà rẹ̀ kò sí níbòmíràn sì wà lára wọn.

Ìwé rírà

Ní ọjà ìwé Chennai, ìsọ̀ tó nǹkan bí 900 lè wà nílẹ̀, ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sì ni àṣà ibẹ̀. Ẹ má kàn máa rìn kiri. Ẹ kọ orúkọ ìwé àti òǹtẹ̀wé sílẹ̀ ní Tamil, kí ẹ wo nọ́ńbà ìsọ̀ wọn lórí àwòrán ilẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ni òǹkọ̀wé sábà máa ń jókòó sí ìsọ̀ òǹtẹ̀wé rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìsọ̀ náà, wọ́n á sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ẹ mú owó rúpì dání, ọgọ́rùn-ún, igba àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, torí fóònù ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń sanwó, káàdì ilẹ̀ òkèèrè sì lè kọ̀. Ìwé lítíréṣọ̀ tí ẹ bá rí, ẹ rà á lọ́jọ́ náà. Ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré ni wọ́n ń tẹ̀ lára ọ̀pọ̀ rẹ̀, ó sì lè má sí mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Fún ìbuwọ́lùwé, ẹ ṣí ojú ìwé àkọlé sílẹ̀, kí ẹ fi bébà kékeré tí ẹ kọ orúkọ yín sí gbangba sínú rẹ̀. Orúkọ Yorùbá ò ní yé wọn létí nínú ariwo.

Ẹni tó ń ti Nàìjíríà, Benin tàbí Togo lọ gbọ́dọ̀ ní káàdì yẹ́lò, abẹ́rẹ́ yẹ́lò fífà náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá kó tó wọ Íńdíà. Wọ́n lè sé ẹni tí kò ní in mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì á sì ti parí.

Lẹ́yìn ìpàdé

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ lẹ́tà sí òǹkọ̀wé náà. Lẹ́tà òǹkàwé ti jẹ́ ara iṣẹ́ lítíréṣọ̀ Tamil láti ìgbà ìwé ìròyìn kéékèèké wọn, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo ímeèlì lónìí. Ojú ìwé kan tó: ìtàn tí ẹ kà, ohun tí ìdáhùn rẹ̀ yí padà nínú òye yín, àti ibi kan tí ẹ kò tíì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù àtijiyàn, bí ọ̀wọ̀ bá ti wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jáde pẹ̀lú ìdáhùn wọn, nítorí náà bí ẹ kò bá fẹ́ kí orúkọ yín jáde, ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́.